Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti gbúre: ọ̀nà mẹ́ta tí ewé ń gbà lo oòrùn

Lórí àtẹ ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan ṣoṣo ní Mọ́níyà, lẹ́bàá Ìbàdàn, ẹ máa rí tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti gbúre tí wọ́n dì ní ìdì-ìdì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Owó wọn kò jìnnà síra, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n sì ń bọ́ sí. Àmọ́ ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbà lo oòrùn títí ó fi dàgbà kò bára mu. Ṣọkọ ń tọ ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní C3. Tẹ̀tẹ̀, tó jẹ́ ìbátan ṣọkọ tímọ́tímọ́, nítorí inú ẹbí kan náà ni wọ́n kà wọ́n sí, ti yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn, ó ti di C4. Ní ti gbúre, tí omi bá wà á máa ṣe bíi ti ṣọkọ, tí ọ̀dá bá dé á bọ́ sí ọ̀nà kẹta, CAM. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ tó wà lọ́tùn-ún lósì títì tó gba Mọ́níyà lọ sí Ìjàyè títí dé Ìsẹ́yìn náà pínyà bẹ́ẹ̀: C4 ni àgbàdo, C3 ni ẹ̀gẹ́.

Ìyàtọ̀ yìí ló wà nídìí ọ̀pọ̀ nǹkan tí àgbẹ̀ ti mọ̀ lóko kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹ̀rọ wò ó: ìdí tí àgbàdo kì í fi í ṣe dáadáa lábẹ́ igi kòkó, ìdí tí gbẹ̀gi fi ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ewé ẹ̀wà ti ń rọ, ìdí tí gbúre tí a rò pé ẹ̀ẹ̀rùn ti pa fi ń rúwé kété tí òjò bá padà. Òun náà ni àwọn ilé ìwádìí ńláńlá ń ná owó lé lórí báyìí, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ tún inú ewé ṣe kí irè oko lè pọ̀ sí i. Mo fara mọ́ iṣẹ́ wọn, àmọ́ ìròyìn iṣẹ́ náà ti sáré ju iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lọ, ó sì yẹ ká mọ ibi tí ó dé gan-an.

Gbogbo ewé tútù ló ń fa afẹ́fẹ́ kábọ̀n, ìyẹn irú èyí tí àwa ń mí síta, wọlé láti àwọn ihò tíńtìntín ara rẹ̀. Gbòǹgbò á fa omi wá, ewé á sì fi agbára oòrùn sọ méjèèjì di ṣúgà. Ẹ́ńsáìmù tó ń di kábọ̀n náà mú ni wọ́n ń pè ní Rubisco. Nínú ewé C3, ó lè tó ìdajì gbogbo purotéènì tó ń yọ́ sómi níbẹ̀. Ìdí tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé ó lọ́ra: nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ẹyọ kan rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹ́ńsáìmù mìíràn ń ṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún láàárín àkókò kan náà. Èyí tó tún burú jù ni pé ojú rẹ̀ kò dá ṣáká. Ó dà bí alásè tí kò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà: bí kábọ̀n bá sún mọ́ ọn, á mú un, bí ọ́síjìn ló bá sún mọ́ ọn, á mú ìyẹn náà. Lójú ọjọ́ tó tutù níwọ̀n pàápàá, nínú ìgbà mẹ́rin tó bá mú nǹkan, ẹ̀ẹ̀kan lè jẹ́ ọ́síjìn, bí ooru bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni àṣìṣe náà ń pọ̀ sí i. Gbogbo ìgbà tó bá ṣi ọ́síjìn mú ni ewé gbọ́dọ̀ ná agbára láti palẹ̀ ohun tó bàjẹ́ mọ́, díẹ̀ nínú kábọ̀n tó ti kó jọ tẹ́lẹ̀ á sì tún bá a lọ.

Kò yẹ ká dá Rubisco lẹ́bi jù. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ayé, ó ti lé ní bílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ọdún sẹ́yìn, ọ́síjìn kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú afẹ́fẹ́ tó fi máa ṣì í mú. Àwọn ohun abẹ̀mí tó ń lo oòrùn, baba ńlá àwọn ewéko òde òní, ni wọ́n tu ọ́síjìn náà síta títí ó fi gba ayé kan, àti àwọn àti àrọ́mọdọ́mọ wọn ló sì ń jìyà rẹ̀ títí dòní.

Ọ̀nà C3 yìí ni Melvin Calvin, Andrew Benson àti James Bassham tú palẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Kábọ̀n onítànṣán ni wọ́n fún èéhù omi jẹ, wọ́n wá ń tọpasẹ̀ rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí kábọ̀n náà ń dà ní átọ̀mù kábọ̀n mẹ́ta nínú, ibẹ̀ ni 3 ti wá. Calvin nìkan ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1961. Ẹ̀gẹ́, iṣu, ìrẹsì, ẹ̀wà, sóyà, kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti igi tó kún igbó ọba Ìjàyè, C3 ni gbogbo wọn.

Ìrèké ló tú àṣírí ọ̀nà kejì. Ní Hawaii, Hugo Kortschak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún àwọn olóko ìrèké ṣàkíyèsí pé kábọ̀n tí ewé ìrèké bá mú kò kọ́kọ́ dúró níbi onímẹ́ta, ibi onímẹ́rin ló ń kọ́kọ́ lọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1965. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Hal Hatch àti Roger Slack, tí àwọn náà wà ní ilé ìwádìí ilé-iṣẹ́ ṣúgà kan ní Brisbane ní Ọsirélíà, ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ní Rọ́ṣíà, Yuri Karpilov ti rí irú rẹ̀ lára àgbàdo ṣáájú wọn, àmọ́ àwọn tó kà á nígbà náà kò tó nǹkan.

Bó ṣe ń lọ rèé. Nínú ewé C4, ẹ̀ka iṣẹ́ méjì ló wà, sẹ́ẹ̀lì méjì tó yàtọ̀ ló sì ń ṣe é. Sẹ́ẹ̀lì ìta á fi ẹ́ńsáìmù mìíràn, PEP carboxylase, tí kì í ṣi ọ́síjìn mú, di kábọ̀n náà, á sọ ọ́ di ásíìdì oníkábọ̀n mẹ́rin. Ásíìdì yìí á wọlé lọ bá àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí iṣan ewé ká, ibẹ̀ ni yóò ti tú kábọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ fún Rubisco. Níwọ̀n bí kábọ̀n tó wà nínú yàrá yẹn ti tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ti ìta, ọ́síjìn kì í ráyè dé ọ̀dọ̀ Rubisco. Gottlieb Haberlandt, ọmọ Ọ́síríà, ti ya àwòrán òrùka sẹ́ẹ̀lì yìí ní àwọn ọdún 1880, láìmọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ẹ lè rí ipa rẹ̀ fúnra yín. Ẹ mú ewé tẹ̀tẹ̀ kan, ẹ gbé e sókè kí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Iṣan rẹ̀ á yọ ní àwọ̀ ewé tó dúdú, tó sì fún mọ́ra bí àwọ̀n. Ẹ ṣe ewé ṣọkọ bẹ́ẹ̀: iṣan rẹ̀ á mọ́lẹ̀ ju ara ewé tó kù lọ. Ti tẹ̀tẹ̀ dúdú nítorí ẹ̀gbẹ́ iṣan gan-an ni ibi iṣẹ́ wà.

Èrè C4 ni pé kò nílò láti la ihò ara rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu kó tó rí kábọ̀n tó tó o, nítorí náà omi tó ń ná lórí ìwọ̀n oúnjẹ kan kò ju nǹkan bí ìdajì ti C3 lọ. Kò nílò Rubisco púpọ̀, kò sì nílò náítírójìn púpọ̀. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Gbígbé ásíìdì lọ gbígbé e bọ̀ ń jẹ agbára oòrùn, nítorí náà níbi tí òjìji bá wà tàbí tí òtútù bá mú, C3 ló ń jàre. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá gbin àgbàdo sábẹ́ kòkó fi ń rí pòròpórò láìrí ọmọ. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí ìkùukùu ìgbà òjò, tó máa ń bo ojú ọ̀run ilẹ̀ wa lọ́sàn-án gangan, dín àgbàdo àkọ́rọ̀ kù ju bí a ṣe rò lọ. Àgbàdo òkè Ọya ń rí oòrùn ju ti wa lọ, èso rẹ̀ sì ń fi hàn.

Ohun tó wọ́pọ̀ jù lára C4 kì í ṣe ohun ọ̀gbìn, koríko ni. Nínú èpò 18 tí àwọn onímọ̀ kà sí èyí tó burú jù láyé, 14 ló jẹ́ C4. Gbẹ̀gi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn rò pé C4 ló ń borí níbi gbogbo. Ewé Akíntọ́lá, tó ti gba oko àkùrọ̀ àti oko òkè ní gbogbo agbègbè Akínyẹlé, C3 paraku ni. Ó kàn ń yára ga, á ṣíji bo koríko, koríko C4 tí kò rí oòrùn á sì kú sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ẹnu ènìyàn kọ́kọ́ fi mọ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ní 1815, Benjamin Heyne, tó ń gbé Íńdíà, kọ̀wé sí ẹgbẹ́ Linnean Society ní London pé ewé kan tí òun máa ń jẹ kan ẹnu ní òwúrọ̀, tí ó bá di ọ̀sán kíkan náà á pòórá. Ewé ọ̀hún ni àbámọdá tiwa, èyí tó ti Madagascar dé ilẹ̀ wa, tí àwọn oníṣègùn mọ̀ dáadáa. Ẹ tọ́ ọ wò ní aago mẹ́fà ìdájí kí ẹ tún tọ́ ọ wò ní aago méjì ọ̀sán. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ni pé àbámọdá ń pa ihò ara rẹ̀ dé lọ́sàn-án kí omi má bàa jáde, òru ló ń ṣí i, á kó kábọ̀n wọlé, á tọ́jú rẹ̀ sí ásíìdì, tí ilẹ̀ bá mọ́, oòrùn á wá sọ ásíìdì náà di ṣúgà. Orúkọ ẹbí tí àbámọdá àti ọ̀dúndún wà, Crassulaceae, ni C tó bẹ̀rẹ̀ CAM dúró fún. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni ohun ọ̀gbìn CAM tí owó rẹ̀ pọ̀ jù. Omi tó ń ná kéré gan-an, àmọ́ ìdàgbàsókè rẹ̀ lọ́ra. Ẹni tó bá gbìn ín mọ̀ pé ọdún kan lè kọjá kó tó kórè.

Gbúre ló fà mí mọ́ra jù nínú wọn. Ìwádìí ní Venezuela, Panama àti Jámánì ti fi hàn pé bí omi bá tó o, á máa ṣe C3 bí ewé gbogbo. Bí ọ̀dá bá mú un fún ọjọ́ mélòó kan, á ti ihò rẹ̀ lọ́sàn-án, á bẹ̀rẹ̀ sí í kó kábọ̀n lóru. Kì í fi bẹ́ẹ̀ dàgbà nígbà náà, ó kàn ń mú ẹ̀mí dúró ni. Bí wọ́n bá bomi rin ín, á padà sí tàtijọ́. Pápásán, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí èpò lásán, tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: C4 ni tẹ́lẹ̀, ó sì tún ń fi CAM kún un nígbà ọ̀dá. Àwọn olùwádìí Yale fi hàn ní 2022 pé inú sẹ́ẹ̀lì kan náà ni iṣẹ́ méjèèjì ti ń lọ, èyí tí wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Báwo ni ewé ṣe dé orí ọ̀nà tuntun wọ̀nyí? Ó lé ní ìgbà 60 tí ẹbí ewéko tó yàtọ̀ síra ti dá C4 rí fúnra wọn láìgbà á lọ́wọ́ ara wọn. Kò sí ẹ́ńsáìmù kankan nínú C4 tí kò sí nínú ewé C3 tẹ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe pọ̀ tó ló yí padà. Nǹkan bí 30 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí kábọ̀n inú afẹ́fẹ́ ti ń wálẹ̀, ni èyí tó pẹ́ jù nínú wọn bẹ̀rẹ̀. Lára àwọn òdòdó Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní Flaveria, ẹ lè rí gbogbo ìpele rẹ̀ láàyè: àwọn kan ṣì wà ní C3, àwọn kan ti dé C4, àwọn kan wà láàárín, tí wọ́n kàn ń kó kábọ̀n tí àṣìṣe Rubisco tú sílẹ̀ padà sínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ iṣan kó má bàa ṣòfò. Ó jọ pé ìtúnṣe kékeré yìí ni ó kọ́kọ́ wáyé, tí C4 sì wá tẹ̀ lé e.

Nínú gbogbo irú ewéko ayé, bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ni C4, síbẹ̀ àwọn ló ń ṣe nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin iṣẹ́ kábọ̀n tí ewéko orí ilẹ̀ ń ṣe. Ọ̀dàn ló fa èyí, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti pọ̀ jù. Ìjàyè wà gan-an níbi tí igbó ti ń parí tí ọ̀dàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn lọ sí Ìsẹ́yìn ń kọjá láàárín igi C3 bọ́ sínú koríko C4, iná ọdọọdún ló sì ń pinnu èyí tí yóò fi ẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ní ti ìdàgbàsókè ohun ọ̀gbìn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí kì í sí nínú ìwé ìpolówó. Títí di báyìí, ìwọ̀nba ni ohun tí àtúnṣe irúgbìn ti fi kan ọ̀nà tí ewé ń gbà lo oòrùn. Ìrẹsì IR8 tí wọ́n mú jáde ní Philippines ní 1966 kò lo oòrùn dáadáa ju tàtijọ́ lọ. Ó kúrú, kì í ṣubú, ohun tó ń kó sínú pòròpórò tẹ́lẹ̀ ló wá ń kó sínú ọmọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀gẹ́ wa. Sang Ki Hahn, ọmọ Kòríà, dé ilé ìwádìí IITA, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ní 1971. Inú irúgbìn tó ti Amani ní Tanzania gba Moor Plantation ní Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ti fi ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ ìbátan rẹ̀ onírọ́bà, ló ti fa àwọn ẹ̀gẹ́ TMS jáde. TMS 30572 ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ mọ̀ jù. Ohun tó jẹ́ kí ó borí ni pé àrùn mósáíìkì tó ń sọ ewé ẹ̀gẹ́ di wúruwùru kò rí i gbé ṣe. Nígbà tí kòkòrò funfun tó dà bí ìyẹ̀fun sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀gẹ́ káàkiri Áfíríkà, agbọ́n tíńtìntín kan láti Paraguay tí Hans Herren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA bẹ̀rẹ̀ sí í tú sílẹ̀ ní 1981 ló bá wa pa á. Àwọn ará Ìkirè fi Hahn joyè Sèrìkí Àgbẹ̀ ní 1983. Ó tọ́ sí i, àmọ́ kò sí ohun tó yí padà nínú iṣẹ́ Rubisco.

Kí ló wà nínú ìgbìyànjú tuntun? Èyí tí orúkọ rẹ̀ dún jù ni láti sọ ìrẹsì di C4. Ilé ìwádìí ìrẹsì IRRI ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú owó àjọ Gates ní 2008, John Sheehy ló ṣíwájú, Jane Langdale ti Oxford sì gbà á lẹ́yìn náà. Ó ń béèrè pé kí wọ́n mú iṣan sún mọ́ra nínú ewé, kí wọ́n sọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ iṣan di ibi iṣẹ́, kí wọ́n sì gbé ọ̀pọ̀ ẹ́ńsáìmù síbi tó yẹ. Ní 2017, wọ́n fi jíìnì kan láti ara àgbàdo sínú ìrẹsì, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ iṣan rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ìgbésẹ̀ kan nìyẹn nínú ọ̀pọ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìrẹsì C4 máa tó dé ọjà Bódìjà ń ṣe àwàdà.

Èyí tó ṣeé gbára lé jù, lójú tèmi, ni ti àwọn tí kò fẹ́ yí C3 padà, tí wọ́n kàn fẹ́ tún ibi tó ń jò nínú rẹ̀ ṣe. Ètò RIPE, tí Stephen Long darí láti Yunifásítì Illinois láti 2012, wà lára wọn. Ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà wà nínú ohun ọ̀gbìn tí wọ́n dojú kọ. Ní 2016, wọ́n mú kí ewé tábà yára padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tí òjìji bá bò ó, ó sì fi nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i. Ní 2019, wọ́n fún tábà ní ọ̀nà àbùjá tí yóò fi palẹ̀ àṣìṣe Rubisco mọ́, ó fi bí ìdá 40 tóbi sí i lóko. Ní 2022, wọ́n gbé ti àkọ́kọ́ sínú sóyà: láàárín àwọn tí wọ́n gbìn, èyí tó ṣe dáadáa jù so ìdá 33 lé. Ọdún kejì, ìjì wó sóyà náà lulẹ̀, èso kò sì yàtọ̀ bíi ti àkọ́kọ́. Apá ìkẹyìn yìí kì í sí nínú ìròyìn tí mo ń rí.

Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ní ìtàn tó dùn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1987, Mabrouk El-Sharkawy àti James Cock ní ilé ìwádìí CIAT ní Colombia sọ pé ẹ̀gẹ́ wà láàárín C3 àti C4. Àwọn mìíràn tún un yẹ̀ wò, wọ́n ní C3 gidi ni, ọ̀dọ̀ tiwọn sì ni ọ̀rọ̀ fì sí títí di ìsinsìnyí. Èyí tó wúlò fún wa jù jáde ní 2020: wọ́n gbé àwọn ẹ̀gẹ́ Áfíríkà kan wò, wọ́n rí i pé bí oòrùn bá dúró sójú kan, Rubisco àti bí kábọ̀n ṣe ń rìn nínú ewé ló ń dí wọn lọ́wọ́; ṣùgbọ́n bí oòrùn àti òjìji bá ń gbara wọn, bí ihò ewé ṣe ń lọ́ra láti ṣí ni wàhálà. Bí ìkùukùu bá kọjá lórí oko ní oṣù Kẹjọ, oòrùn á ti padà, ewé ẹ̀gẹ́ á ṣì wà ní títì. Níbi tí ìkùukùu pọ̀ tó ti tiwa, kì í ṣe ohun kékeré.

Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ tún ń yí padà. Kábọ̀n inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 280 nínú mílíọ̀nù kan kí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbòde, ó ti lé ní 420 báyìí. C3 ló ń jàǹfààní èyí jù. Nínú oko kan ní Illinois tí wọ́n ti fẹ́ kábọ̀n sí ẹ̀gẹ́ títí ó fi tó 585, iye ẹ̀gẹ́ tí wọ́n wà ju ìlọ́po méjì lọ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2012. Ó dára láti gbọ́, àmọ́ ooru ń bá kábọ̀n náà bọ̀, ooru sì ni Rubisco kì í fẹ́. Síńkì àti áyọ́ọ̀nù inú ìrẹsì àti àlìkámà sì tún ń dín kù bí kábọ̀n ti ń pọ̀.

Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù láyé, síbẹ̀ ohun tí à ń rí lórí héktà kan, bí a bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò pé tọ́ọ̀nù 10. Oko tí wọ́n tọ́jú dáadáa ń ju 25 lọ. Àlàfo yẹn kì í ṣe ti ewé. Ti igi tó lárùn, ti ilẹ̀ tó ti rẹ̀, ti èpò tí kò sí owó láti ro, ti lébìrà tó ti lọ gun ọ̀kadà ní Ìbàdàn ni. Ewé tí wọ́n bá fi ìdá 20 tún ṣe kò ní dí i. Bí ó bá wá dé, òfin wà nílẹ̀: àjọ tí òfin 2015 dá sílẹ̀ fún ààbò irúgbìn tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà ti fọwọ́ sí ẹ̀wà tó ń dènà kòkòrò kan ní 2019. Àmọ́ irúgbìn ẹ̀wà ń ti inú àpò wá, ti ẹ̀gẹ́ ń ti igi wá. Ní Ìjàyè, ìdì igi ẹ̀gẹ́ ń lọ láti oko aládùúgbò kan sí òmíràn láìsí ilé-iṣẹ́ kankan láàárín, báyìí sì ni TMS 30572 ṣe tàn ká. Kí wọ́n tó mú ẹ̀gẹ́ tuntun wá, kí wọ́n sọ bóyá àgbẹ̀ á ṣì lè fún ará oko rẹ̀ ní igi.

Ibi tí wọ́n ti dán irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ wò náà ṣe pàtàkì. Àwọn oko Illinois kì í ní ju ohun ọ̀gbìn kan lọ, wọ́n mọ́ kedere, wọ́n sì tẹ́jú. Níbí, a ń gbin ẹ̀gẹ́ sáàárín àgbàdo nígbà àkọ́rọ̀, ó sì bọ́gbọ́n mu: àgbàdo C4 á lo oòrùn kíkún nígbà tí ẹ̀gẹ́ ṣì ń lọ́ra, wọ́n á ya á ní oṣù Keje, ẹ̀gẹ́ á wá gba ilẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ẹ̀gẹ́ Ìjàyè fi ń wà lábẹ́ òjìji tó ń ṣí tó ń bò, irú oko bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n sì gbé igi tuntun náà wò kí wọ́n tó sọ iye tọ́ọ̀nù tí yóò fi lé.